Ọ̀rá Tó Mọ Ìgbà Tí Yóò Jọ̀wọ́ Ẹrù

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi àárọ̀ Sátidé yín jìn wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Ìgò tí mo gbé sórí tábìlì yìí kì í ṣe oògùn. Kọndíṣọ́nà ni, irú èyí tí àwọn onídìrí ń fi pa irun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ṣampú fọ̀ ọ́ tán. Mo bẹ ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kó bá mi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ka omi, ó ń ka ìyókù lọ, àfi ìgbà tó kọsẹ̀ lára orúkọ gígùn kan: behentrimonium chloride. Ẹ bá mi mú orúkọ yẹn dání, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa òní, bí ọ̀rá ṣe ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ti bẹ̀rẹ̀.

Mólékù tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní orí, ó sì ní ìrù. Orí rẹ̀ ni átọ́ọ̀mù náítírójìn kan tí kábọ́ọ̀nù kéékèèké mẹ́ta dì mọ́. Ìrù rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá gbọọrọ. Náítírójìn tí nǹkan mẹ́rin bá so mọ́ báyìí, pọ́sítíìfù ni yóò máa jẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ fi sínú omi lásán o, ẹ fi sínú ásíìdì o, pọ́sítíìfù náà ni. Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ní tirẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ló pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo bátìrì ínfátà nílé mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń wá ara wọn kiri. Orí mólékù á lẹ̀ mọ́ irun, ìrù ọlọ́ràá á na síta, irun á máa yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, ooyà á kọjá láì fa ẹni lórí.

Ní 1987, ní ilé iṣẹ́ oògùn Syntex ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, Philip Felgner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú orí yìí gan-an, náítírójìn pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù kéékèèké mẹ́ta, wọ́n fún un ní ìrù ọlọ́ràá méjì, wọ́n sì sọ ọ̀rá tuntun náà ní DOTMA. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni kó gbé DNA, okùn tí a kọ jíìnì sí, wọ inú sẹ́ẹ̀lì.

Kí ló mú kí iṣẹ́ náà le? DNA gùn, ó sì kún fún nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ mú òrùka DNA kékeré kan tó ní ìṣísẹ̀ 5,000 bíi ti àkàbà, irú èyí tí a ń fi gbé jíìnì kan ṣoṣo. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nẹ́gẹ́tíìfù méjì, nítorí náà èyí tó wà lára rẹ̀ tó 10,000. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì náà nẹ́gẹ́tíìfù ló pọ̀ lóde rẹ̀, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rá ni awọ náà, DNA sì jẹ́ ohun tó fẹ́ràn omi. Ẹ bu DNA sórí sẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, ẹ padà wá wò ó lálẹ́, ìta ni ẹ ó bá a.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, iṣẹ́ wọn ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi yọ ibi inú fáírọ́ọ̀sì kúrò, tí wọ́n sì sọ ọ́ di akẹ́rù. Ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn mọ fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń bá a jà. Ní 1999, ní Philadelphia, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan kú nínú ìdánwò tí wọ́n ti fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì sí i lára, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe dìde sí fáírọ́ọ̀sì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tún ojú wo ọ̀rá.

Kí wọ́n tó ṣe DOTMA, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rá inú ara ẹ̀dá, tí a bá fi sínú omi, máa ń ká ara rẹ̀ di bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ṣófo nínú. Alec Bangham ló rí èyí ní Babraham, lẹ́bàá Cambridge, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti há DNA mọ́ inú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé kò tó nǹkan. Ohun tí Felgner mú wá ni pé a ò ní láti há a mọ́ rárá. Ẹ po ọ̀rá onípọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ DNA onínẹ́gẹ́tíìfù, wọn yóò ṣa ara wọn jọ.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Túúbù méjì ló wà níwájú mi, wọn ò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. DNA wà nínú omi ọ̀kan, ó mọ́ gaara. Ọ̀rá wà nínú èkejì. Mo da ọ̀kan sórí èkejì, mo fi ìka ta á, omi náà sì yí padà lójú mi: ó funfun díẹ̀, bí omi tí a kọ́kọ́ fi ṣan ìrẹsì. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo ń kán an díẹ̀díẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Jíìnì tí mo fi ránṣẹ́ wá láti ara ẹran inú òkun kan tó rí bí agboòrùn, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a pa iná yàrá, mo fi ojú sí awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí. Ìgbà tó yá, ọ̀kan tàn, òmíràn tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewéko títutù báyìí nínú òkùnkùn. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ló ń ka ìwé tí a kọ sára ẹran òkun, ó sì ń ṣe ohun tí ìwé náà sọ. N kò tíì gbàgbé ìmọ̀lára ọjọ́ náà.

Nígbà tí a tan iná padà, mo rí apá kejì. Láàárín àwọn tó tàn, àwọn mìíràn wà tó ti ká kò, tí wọ́n ti já kúrò lára àwo, tí wọ́n ń léfòó. Wọ́n ti kú. Ọ̀rá tó gbé DNA wọlé fún àwọn kan ló pa àwọn yòókù. Kò yani lẹ́nu: ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ìgò oògùn apakòkòrò tí a ń fi nu ilẹ̀, ẹ ó rí benzalkonium chloride lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹbí kan náà ni. Pọ́sítíìfù tó ń lẹ̀ mọ́ irun, tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ awọ kòkòrò, tó ń fà á ya.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Láti 1987 títí di bí 20 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìṣòro tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń bá jà kì í ṣe bí ọ̀rá yóò ṣe di DNA mú. Dídìmú rọrùn. Bí yóò ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀, ní ibi tó yẹ, ní àkókò tó yẹ, ni gbogbo iṣẹ́.

Ẹ wo ẹni tó ń pọ́n ẹ̀kọ. Ewé tó bá ya, ẹ̀kọ á dà nù kó tó dì. Ewé tí kò bá dára, ẹ̀kọ á dì nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, ìdajì á lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ ó máa fi ìka ha á. Oníbàárà kò ra ewé. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. DNA tó bá pẹ́ jù nínú ọ̀rá, pàǹtírí ni sẹ́ẹ̀lì yóò kà á sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì máa ń gbé ìdì ọ̀rá àti DNA náà mì. Kò gbé e wọ yàrá o. Inú àpò kékeré kan ló gbé e sí, mo máa ń pè é ní àpò ìgbémì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí àpò náà ti ń rìn lọ sínú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ló ń kan sí i, bí ògì tí a kò pààrọ̀ omi rẹ̀. pH ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó: bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ wa wà ní pH 7.4. Àpò yìí á bọ́ sí 6, á bọ́ sí 5, òpin ìrìn rẹ̀ sì ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ ohun gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀. Ẹrù tí kò bá jáde kúrò nínú àpò kó tó débẹ̀, ó ti ṣòfò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ṣíṣe ọ̀rá àtọwọ́dá, ìsáré yìí ló dá lé.

Ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ní ibi mẹ́ta tí ọwọ́ wa lè tún ṣe: ìrù, ìdè àárín, àti orí.

Ìrù ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjà ni ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé òrí àti òróró ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òrí dì, òróró ẹ̀pà ń ṣàn. Ìrù tó pọ̀ nínú òrí nà tọ́ọ́rọ́, wọ́n tò jọ bí igi ìdáná tí a dì. Àwọn ìrù inú òróró ẹ̀pà tẹ̀ lágbedeméjì bí ìgbọ̀nwọ́, wọn ò lè tò gún régé, ìdí nìyẹn tí òróró náà kò fi dì. Epo pupa wà láàárín: nígbà ọyẹ́, ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì á dì, òkè á ṣì máa ṣàn. Ọ̀rá onírù títẹ̀ kan tó ń jẹ́ òléìkì, tó tó nǹkan bí 40 nínú 100 ọ̀rá inú epo pupa, irú ìrù rẹ̀ ni Felgner so mọ́ DOTMA. Lẹ́tà O inú orúkọ náà, òun ló dúró fún. Ìrù tó tẹ̀ ń jẹ́ kí ọ̀rá rọ̀, ọ̀rá tó rọ̀ sì ni ó lè yọ́ mọ́ awọ àpò ìgbémì.

Ìrù tó tẹ̀ tún ń pinnu ìrísí. Ọ̀rá tí orí àti ìrù rẹ̀ fẹ̀ bákan náà dà bí agolo mílíìkì: ẹ tò wọ́n pọ̀, wọn yóò dúró pẹrẹsẹ. Ọ̀rá tí orí rẹ̀ kéré, tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, bàtá ló jọ, ojú kan kékeré, ojú kejì ńlá. Ẹ to bàtá púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí gbogbo ojú kékeré kọ sí ibì kan náà: kò ṣeé tò pẹrẹsẹ mọ́, yóò wọ́, yóò ká. Awọ sẹ́ẹ̀lì tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bá wọ̀ kò lè dúró bó ti wà, yóò ya ihò. Felgner fi ọ̀rá onírìísí bàtá kan, DOPE, ran DOTMA lọ́wọ́. Ní 1998, Cyrus Safinya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Santa Barbara fi ìtànṣán X-ray hàn pé ìdì tí irú DOPE yìí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ń to ara rẹ̀ bí afárá oyin, DNA wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yọ́ mọ́ awọ kíákíá ju èyí tó tò ní pẹrẹsẹ lọ.

Ìdè àárín, ohun tó so ìrù mọ́ orí, kò gba àlàyé gígùn. Ti DOTMA jẹ́ íítà, sẹ́ẹ̀lì kò ní ọ̀bẹ tó fi ń gé e, torí náà ọ̀rá náà á máa wà nínú ara pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe DOTAP, tí ìdè tirẹ̀ jẹ́ ẹ́sítà. Ẹ́sítà ni ìdè inú epo pupa àti àdín náà. Nígbà tí ìyá àgbà bá fi omi eérú se àdín títí tó fi di ọṣẹ dúdú, ìdè ẹ́sítà ló ń gé. Ara wa ní àwọn purotéènì tó ń ṣe irú iṣẹ́ eérú yẹn láìsí iná, láìsí ariwo. Ọ̀rá tó ní ẹ́sítà yóò ṣiṣẹ́ tán, ara yóò sì gé e wẹ́wẹ́.

Kí n tó dé orí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdánwò kékeré kan. Mo ti po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú kọ́ọ̀bù yìí. Orí ọṣẹ, nẹ́gẹ́tíìfù ni. Mo ti po kọndíṣọ́nà mọ́ omi gbígbóná nínú èkejì, mo sì jẹ́ kó tutù. Ẹ máa wò mí bí mo ti ń dà wọ́n pọ̀. Ẹ rí i? Ó ń ṣù. Ó ti dì bíi wàrà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó. Ọ̀rá onípọ́sítíìfù rí ọ̀rá onínẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n so mọ́ ara wọn, wọ́n kọ omi sílẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ìgbémì. Ní 1996, ní San Francisco, Yuhong Xu àti Francis Szoka fi hàn pé DNA kì í ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rá onípọ́sítíìfù. Awọ sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rá onínẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀, ojú rẹ̀ tó kọ sí inú ilé ni ó kó wọn sí. Tí ọ̀rá tí a fi ránṣẹ́ bá kan awọ yìí, tí ó sì dà á rú, àwọn onínẹ́gẹ́tíìfù náà á yí wá, wọ́n á so mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i nínú kọ́ọ̀bù. Ọwọ́ tó fi di DNA mú á ti kún fún ẹlòmíràn. DNA á bọ́.

Báwo ló ṣe rí nínú ara ènìyàn? Ní 1993, àwọn oníṣègùn ní Michigan jábọ̀ pé àwọn fi ọ̀rá kan tí wọ́n fi kolesitẹ́rọ́ọ̀lù ṣe, DC-Chol, gbé jíìnì sínú kókó jẹjẹrẹ awọ ara àwọn aláìsàn márùn-ún. Ní 1995 ní London, wọ́n fín in sí imú àwọn tó ní àrùn tó ń mú kí ikun ẹ̀dọ̀fóró le gbagidi. Wọ́n rí i pé kò pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Tí ẹ bá gún ọ̀rá onípọ́sítíìfù sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìṣòro mìíràn dé: ẹ̀jẹ̀ kún fún purotéènì onínẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ìdì náà á wú, ẹ̀dọ̀fóró tó jẹ́ àkọ́kàn ni á há sí. Orí rẹ̀ kò mọ̀ ju pọ́sítíìfù lọ, ẹni tó bá bá pàdé lọ́nà ló ń dì mọ́. Àwọn ará London kò jáwọ́ o. Ní 2015, wọ́n gbé èsì ìdánwò ọdún kan jáde: àwọn aláìsàn ń fa jíìnì nínú ọ̀rá símú lóṣooṣù. Nínú 116 tí wọ́n ṣírò èsì wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín mímí àwọn tó gba jíìnì àti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 3.7 nínú 100. Ó kéré. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ nínú ìdánwò tó péye, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìfaradà àwọn tó ṣe é àti ti àwọn aláìsàn tó ń padà wá lóṣooṣù.

Orí ló kù. Ní Vancouver, ní Kánádà, Pieter Cullis àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó dà bí ẹni pé kò le: ṣé dandan ni kí orí jẹ́ pọ́sítíìfù ní gbogbo ìgbà? Wọ́n yọ apá kan kúrò lára náítírójìn náà. Dípò mẹ́rin, mẹ́ta ló so mọ́ ọn. Náítírójìn báyìí máa ń gba pọ́sítíìfù nígbà tí àyíká rẹ̀ bá kan, á sì sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò bá kan mọ́.

Ẹ bá mi tẹ̀lé e lọ. Ní yàrá ìṣèwádìí, a po ọ̀rá náà mọ́ ẹrù nínú omi kíkan, pH 4. Pọ́sítíìfù ni, ó di ẹrù mú ṣinṣin. A wá sọ omi náà di pH 7.4 bíi ti ẹ̀jẹ̀. Pọ́sítíìfù lọ, ẹrù sì ti há sínú bọ́ọ̀lù. A gún un sínú iṣan, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kò ní nǹkan tí yóò fi dì mọ́ purotéènì, kò ní nǹkan tí yóò fi ya awọ ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì gbé e mì. Àpò ìgbémì bẹ̀rẹ̀ sí kan. Níbẹ̀ gan-an, níbi tí a ti ń wá a, pọ́sítíìfù padà dé! Ó so mọ́ ọ̀rá onínẹ́gẹ́tíìfù inú awọ àpò náà, àwọn méjèèjì papọ̀ di onírìísí bàtá, awọ ya, ẹrù bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, nípa kíkan tó fẹ́ fi jẹ ẹrù náà run, ló sọ fún ọ̀rá pé àkókò tó. Nínú gbogbo kẹ́mísìrì tí mo ti kọ́, n kò mọ ohun tó wù mí ju èyí lọ.

Wọ́n wá ń wọn ibi tó yẹ kí ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ní pH tó ga jù, pọ́sítíìfù á ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹrù á ti jẹrà kó tó jí. Ìwọ̀n tó dára jù tí wọ́n rí, níbi tí ìdajì àwọn orí ti gba pọ́sítíìfù, wà láàárín 6.2 àti 6.5. Àlàfo yẹn kéré gan-an. Kábọ́ọ̀nù kan tí a fi kún ìdè àárín tó láti gbé ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Ìrù náà kò dúró lójú kan: dípò òléìkì tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lo línóléìkì tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irú èyí tó pọ̀ nínú òróró sóyà. Ọ̀rá àkọ́kọ́ nínú ìran yìí, DLinDMA, nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 1 ẹrù fún kílò eku kan kó tó lè pa ìdajì iṣẹ́ jíìnì kan lẹ́nu mọ́ nínú ẹ̀dọ̀. Ní 2012, wọ́n kéde MC3. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 0.005.

Ọ̀rá MC3 yìí ló wà nínú oògùn patisiran, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2018. RNA kékeré, ẹbí DNA, tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ ló gbé, kì í ṣe jíìnì tuntun. Àrùn tó wà fún ni èyí tí purotéènì kan láti inú ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́, tó ń ṣù sínú iṣan ìmọ̀lára. Ẹ má rò pé àrùn ará ibòmíràn ni. Oríṣi jíìnì náà kan tó ń kó purotéènì yìí sínú ọkàn wà lára bí 3 sí 4 nínú 100 àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, ìhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa yìí sì ni ó ti ṣẹ̀. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tí a ní ọjọ́ orí ni, ó lè jẹ́ òun.

Oṣù kejìlá 2020 ni gbogbo ayé gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù ọ̀rá wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rá ni. SM-102 wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna, ALC-0315 wà nínú ti Pfizer àti BioNTech. Ìlànà orí kan náà ni, wọ́n sì ti fi ìdè ẹ́sítà sí ìrù kí ara lè gé wọn kíákíá. Ẹnìkan bi mí ní ìta kí n tó wọlé bóyá ọ̀rá abẹ́rẹ́ ṣì wà lára òun. Ìdí tí wọ́n fi fi ẹ́sítà sí i nìyẹn, kó má baà pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè bi mí pé kí ló dé tí RNA fi yege ṣáájú DNA. Ọ̀nà tirẹ̀ kúrú. RNA tó bá ti bọ́ kúrò nínú àpò, sẹ́ẹ̀lì lè kà á níbi tó bá a sí. DNA ṣì ní ilẹ̀kùn kan sí i, yàrá àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣí gbayawu kìkì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì. Kódà fún RNA, ìsáré inú àpò náà kò tíì parí: ní 2013, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti ibòmíràn ka RNA kéékèèké tí irú ọ̀rá yìí gbé wọ sẹ́ẹ̀lì, 1 sí 2 péré nínú 100 ló rí ọ̀nà jáde. Iye tó ń ṣòfò yẹn, mo máa ń rò ó lálẹ́.

Ìṣòro kejì ni ibi tí ẹrù ń lọ. Bọ́ọ̀lù ọ̀rá yìí tí a bá gún sínú iṣan, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á, nítorí purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ọ̀rá oúnjẹ sí ẹ̀dọ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lára. Ó dára fún àrùn ẹ̀dọ̀. Ní 2025, ní Philadelphia, wọ́n fi ọ̀rá gbé àtúnṣe jíìnì sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ kò lè yọ ámóníà kúrò, àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún ọmọ kan ṣoṣo yẹn láàárín bí oṣù mẹ́fà. Fún ẹ̀dọ̀fóró, ní 2020 àwọn onímọ̀ ní Dallas padà gbé DOTAP, ọ̀rá àtijọ́ yẹn, wọ́n fi í kún bọ́ọ̀lù tuntun, ẹrù sì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró eku. Àléébù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sọ di ọ̀nà.

Àwa ní tiwa, mùdùnmúdùn inú eegun ni a ń wò. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún pẹ̀lú fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwòsàn jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní oṣù kejìlá 2023, Casgevy, ń béèrè pé kí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì aláìsàn jáde, kí wọ́n fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú eegun rẹ̀, kí wọ́n tó dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ilé ìwòsàn mélòó ló lè ṣe é níbí? Òbí wo ló lè san án? Abẹ́rẹ́ ọlọ́ràá tí a lè gún sí apá, tó mọ ọ̀nà dé mùdùnmúdùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní 2023 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia so èròjà kan tó ń dá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀lù ọ̀rá. Nínú eku, ó dé inú eegun. Nínú àwo, lára sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní àrùn náà, àtúnṣe tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Iṣẹ́ tó kù níbẹ̀, iṣẹ́ ìrù, ìdè àti orí ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kẹ́mísìrì tí ẹ ń kọ́ ní SS2 ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo ti rí ọwọ́ tó nà sókè lápá òsì. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí bí ọṣẹ ṣe ṣù, kọ́ọ̀bù náà ṣì wà lórí tábìlì, kọndíṣọ́nà sì kù nínú ìgò.